Kókó ìdí okùn ìgbòkun tó ń tú: ohun tó yanjú rẹ̀

Okùn tí wọ́n fi ń darí ìgbòkun iwájú ń yọ kúrò nínú ihò irin rẹ̀ lójú omi. Kókó onírìísí 8 ló wà ní ìdí rẹ̀ láti dá a dúró kó má bàa yọ. Kókó náà dára, ó rọrùn láti tú lẹ́yìn tí okùn bá ti fà á gan-an. Ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá ń gbọn ìgbòkun, okùn polyester tó ń yọ̀ kì í di ara rẹ̀ mú. Díẹ̀díẹ̀ ni kókó á tú.

Kókó Ashley, irú kókó ìdí okùn mìíràn tó tóbi jù ú lọ, ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Ta ọ̀jóbó sí ìdí okùn, èyí tó máa fún bí a bá fa apá tó lọ sí ìgbòkun. Bí o bá ta á sódì, kò ní fún rárá. Ki ìdí okùn bọ inú ọ̀jóbó náà, kọ́kọ́ fa kókó le, kí o tó wá fa apá gígùn títí ọ̀jóbó fi há ìdí okùn mọ́ra. Ìṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ yí okùn ká. Fún okùn mílímítà 10, ṣẹ́ 10 sẹ̀ǹtímítà kù lẹ́yìn kókó.

Okùn spinnaker (ìgbòkun ńlá tó máa ń wú bíi bàlúù níwájú ọkọ̀) nìkan ni kó o má ta kókó sí o: bí ọkọ̀ bá fẹ́ dojú dé, ó yẹ kí okùn yẹn lè sá jáde pátápátá.