Bí mo ṣe ka ìdúró kírísítálì nínú òkúta bàbà tí a tẹ̀

Ìbéèrè kan ni mo gbé lọ sídìí iṣẹ́ yìí: nígbà tí a bá fi agbára tẹ òkúta tí wọ́n ti ń yọ bàbà, ṣé fífọ́ ni àwọn kírísítálì inú rẹ̀ (àwọn hóró tí átọ́ọ̀mù wọn tò létòlétò) máa ń fọ́, àbí ńṣe ni wọ́n ń yí? Òkúta náà ni chalcopyrite, tí ó ń dán bí idẹ, tí bàbà sì kó nǹkan bí ìdá 35 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀. Ọwọ́ àwọn awakùsà ní agbègbè Wase, ní Ìpínlẹ̀ Plateau, ni mo ti ra tèmi kí n tó gbé e wá sí Abuja.

Mo gé ọ̀pá kékeré méjì lára rẹ̀. Mo fi ọ̀kan sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Èkejì lọ sí yàrá ìwádìí kan ní òkè òkun, níbi tí wọ́n ti mú un gbóná dé 300 °C, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ láti òkè títí gígùn rẹ̀ fi dín ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Nígbà tí ó padà dé, ó ti yọ ikùn bí àgbá, kò sì là.

Dídán ojú rẹ̀ ni ó gba àkókò mi jù. Chalcopyrite rọ̀ débi pé ọ̀bẹ lásán lè ha á, nítorí náà ohun tí a fi ń dán an máa ń da àwọn kírísítálì tó wà lójú rẹ̀ rú. Èyí ni n kò fiyè sí nígbà àkọ́kọ́. Mo fi lẹ́búlẹ́bú dáyámọ́ǹdì dán an títí mo fi rí ojú mi nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ìtànṣán elétíróònì kà á, kí wọ́n lè ya àwòrán ibi tí kírísítálì kọ̀ọ̀kan dojú kọ, àwòrán náà ṣú lọ́pọ̀ ibi. Ọ̀gá mi wò ó, ó ní, "Àbúrò, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ lo rí yìí, o ò tíì rí òkúta." Mo tún un dán látìbẹ̀rẹ̀, mo sì fi omi tí lẹ́búlẹ́bú yanrìn kíkúnná wà nínú rẹ̀ parí rẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, láì tẹ ọwọ́ mọ́ ọn. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Kíá ni mo ń ṣan ojú òkúta náà, torí pé omi ọ̀hún kì í ṣeé ṣí kúrò bó bá ti gbẹ.

Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ìdúró kírísítálì láti inú àwòrán náà kó ìṣòro tirẹ̀ dé. Gíga àpótí tí àwọn átọ́ọ̀mù chalcopyrite tò sí jẹ́ ìlọ́po 1.97 fífẹ̀ rẹ̀, èyí tó sún mọ́ 2 gan-an, kọ̀ǹpútà sì ń fi òró pe ìbú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ṣe àtúnṣe wọn.

Nínú ọ̀pá tí a kò tẹ̀, àmì ìdúró àwọn kírísítálì fọ́n káàkiri. Nínú èyí tí a tẹ̀, wọ́n ti kóra jọ sí ìhà kan, nítorí pé àwọn pẹpẹ átọ́ọ̀mù ń yọ̀ lórí ara wọn bí ìwé tí a tò jọ tí a wá ti ti òkè, kírísítálì náà á sì máa yí bí wọ́n ti ń yọ̀. Ibi kan wà tí mo wò pẹ́: hóró pyrite kan, ìyẹn irú òkúta mìíràn tó wà láàárín rẹ̀, tí ó le ju chalcopyrite lọ dáadáa, ti là sí mẹ́ta, chalcopyrite sì ti ṣàn wọ inú àwọn ibi tó là náà, ó kún wọn dẹ́múdẹ́mú.