Bí Mo Ṣe Bá Ọmọ Mi Borí Ẹ̀rù Ohun Abàmì Inú Yàrá

Ọmọ mi ọkùnrin ti ń dá sùn nínú yàrá tirẹ̀ fún bí ọdún kan kí ó tó di pé, ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó di aṣọ mi mú gírígírí, ó ní, “Mọ́mì, ẹ má lọ, nǹkan kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.” Ọmọ ọdún 4 ni nígbà náà. Mo rẹ́rìn-ín, mo sọ fún un pé kò sí ohunkóhun níbẹ̀, mo pa iná, mo sì jáde. N kò tíì dé yàrá tèmi tí igbe fi ta.

Ní alẹ́ kejì, mo sọ ara mi di ọdẹ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, nígbà tó yá mo tilẹ̀ bu omi sínú ike kan tí a fi ń fín nǹkan, mo sì sọ fún un pé oògùn tí ń lé iwin ni. Ó sùn fọnfọn ní alẹ́ ọjọ́ náà àti ní ọjọ́ kejì rẹ̀, inú mi sì dùn sí ọgbọ́n tí mo dá. Ní alẹ́ kẹta ni ó bi mí pé, “Mọ́mì, bí oògùn yẹn bá tán ńkọ́?” Ìbéèrè yẹn ni ó là mí lójú. Àgbàlagbà kì í fín oògùn sí ohun tí kò sí. Èmi gan-an ni mo ti jẹ́rìí fún ọmọ mi pé iwin wà nínú yàrá rẹ̀, àti pé ike omi kan ṣoṣo ni ó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo wá lọ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kí ó tó wọlé sùn, mo sì pa iná. Lákọ̀ọ́kọ́, n kò rí nǹkan kan, nítorí pé ojú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ máa ń lo bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí òkùnkùn tó mọ́ ọn lára tán. Lẹ́yìn náà ni jákẹ́ẹ̀tì tí mo fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ní èjìká. Kí n má purọ́, èmi tí mo fi í kọ́ síbẹ̀ pàápàá tún un wò lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ọdún 3 sí 6 wà ní ìgbà tí ọkàn rẹ̀ lè ya àwòrán ohunkóhun, ṣùgbọ́n tí kò tíì lè máa fi gbogbo ìgbà mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ó rò àti ohun tí ó wà lóòótọ́. Ọmọ mi kò parọ́ fún mi rárá.

Ojú ọ̀sán ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo fún un ní bébà àti pẹ́ńsù aláwọ̀, mo ní kí ó ya nǹkan náà fún mi, ó sì ya ohun olójú mẹ́ta kan tí kò ní ẹsẹ̀. Mo bi í bí ó ṣe ń rìn. Ó ronú títí, ó ní bóyá ó máa ń yí gbirigbiri ni, ẹ̀rín sì pa àwa méjèèjì. Ní ìrọ̀lẹ́, a máa ń pa iná yàrá náà, a ó sì fi ọwọ́ àti tọ́ọ̀ṣì ṣe òjìji ajá àti ẹyẹ sí ara ògiri. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣàkíyèsí pé bí ọwọ́ bá ṣe ń súnmọ́ tọ́ọ̀ṣì ni òjìji ń tóbi sí i. Láti ìgbà náà, bí ó bá rí òjìji, ohun tí ó fà á ni ó máa ń wá.

Ní ti alẹ́, mo gbé jákẹ́ẹ̀tì kúrò, mo ń pa tẹlifíṣọ̀n ní wákàtí kan ṣáájú oorun, mo sì fi gílóòbù kékeré aláwọ̀ ọsàn sí ìsàlẹ̀ ògiri, nítorí pé iná funfun tó mọ́lẹ̀ gan-an máa ń dá melatonin, èròjà inú ara tí ń pe oorun, dúró. Lẹ́yìn náà ni mo gbé àga wá. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí n tó sún un sí àárín yàrá, lẹ́yìn náà sí ẹnu ọ̀nà, níkẹyìn síta, pẹ̀lú ìlérí pé n óò yọjú ní gbogbo ìṣẹ́jú 5. Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo gbàgbé ìlérí náà nídìí abọ́ tí mo ń fọ̀. Àárín yàrá ni àga padà sí.

Ohun kan fẹ́ ṣì mí lọ́nà láàárín rẹ̀. Kò tíì sùn ju wákàtí kan àbọ̀ lọ tí ó fi pariwo, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá mi mọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò rántí ohunkóhun. Ìjayà ojú oorun nìyẹn, èyí tí ó sábà máa ń wáyé ní apá ìbẹ̀rẹ̀ òru nígbà tí oorun wọra. Àlá burúkú sábà máa ń wá ní ìdájí, ọmọ á jí, á sì lè sọ ohun tí ó rí. N kò jí i. Mo kàn dúró tì í kí ó má baà ṣubú, n kò sì bá a sọ ọ́ láàárọ̀.

Ó gbà wá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní alẹ́ tí ó kẹ́yìn, n kò tíì jókòó dáadáa tí ó fi yíjú sí ògiri, tí ó ní, “Mọ́mì, ẹ lè máa lọ, mo fẹ́ sùn.” Mo gbé àga padà sí yàrá oúnjẹ. Gílóòbù kékeré náà ṣì wà níbẹ̀. Kò tíì ní kí n yọ ọ́, èmi náà kò sì tíì dábàá rẹ̀.