Ẹ Ka Ẹsẹ̀ Yín Kí Ẹ Tó Yan Orin Tí Ẹ Ó Fi Sáré

Ohun tí mo máa ń rí lójú pópó ní ìdájí Sátidé ni pé èèyàn á ti yan orin tán kó tó ronú bí yóò ṣe sáré. Orin tó gbóná jù lọ nínú fóònù ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ìlù á gbé e, á sáré dé ìyànà kejì, á di ìbàdí mú, á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ kò le. Ìlù tó ń tẹ̀lé kì í ṣe ti ẹsẹ̀ rẹ̀, kì í sì í ṣe ti ọjọ́ náà. Bí a ṣe lè mú orin bá ara wa àti wàhálà ọjọ́ mu ni mo fẹ́ ṣàlàyé, fún ẹni tó ń rìn, ẹni tó ń sáré, àti ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá nínú ilé.

Orin wúlò lóòótọ́. Láti 1911 ni Leonard Ayres ará Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje máa ń sáré sí i nígbà tí ẹgbẹ́ olórin bá ń ṣeré ju ìgbà tí wọ́n bá dákẹ́ lọ. Àwọn àgbẹ̀ wa tó ń ṣe àárò kò nílò ìwé kí wọ́n tó mọ èyí. Tí onílù bá wà lóko, ebè máa ń yára parí.

Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, tàbí tó bá wà nínú oyún, kí ó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Fún àwa yòókù, fóònù, earpiece, ìwé pélébé kan àti bírò ti tó. Earpiece onókùn ni mo fẹ́ràn, irú èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà: kò wọ́n, kì í já bọ́ sínú gọ́tà, bátìrì rẹ̀ kì í tán. Tí ẹ bá wà lójú títì, etí kan ṣoṣo ni kí ẹ fi í sí kí ẹ lè gbọ́ fèrè ọkọ̀ àti ọ̀kadà. Apá òsì ni kí ẹ sì gbà, kí ojú yín lè máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó ń ṣe tirẹ̀ nínú ilé tí kò ní earpiece lè gbé fóònù sínú ife tánganran, ohùn rẹ̀ á ròkè.

Kíka ẹsẹ̀

Ẹ jáde láìsí orin rárá. Ẹ rìn títí ara á fi gbóná, kí ẹ wá máa sáré bí ẹ ṣe máa ń sáré, kì í ṣe bí ẹ ṣe fẹ́ kí àwọn èèyàn rí yín. Fún ìdajì ìṣẹ́jú, ẹ ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún kan ilẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Tí ẹ bá ka 38, ìṣísẹ̀ yín jẹ́ 152 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ka ti ìrìn kíákíá náà lọ́nà kan náà. Ti ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bọ́ sí àárín 100 sí 130.

Iye ti ẹni méjì kì í sábà bára mu, bí ara ṣe rí ló fà á. Usain Bolt, tó ga tó mítà 1.95, gbé ìṣísẹ̀ bíi 41 péré nínú 100 mítà tó fi ìṣẹ́jú-àáyá 9.58 sá ní Berlin ní 2009. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá a díje ń gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ń na ẹsẹ̀ síwájú, ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú ń gbé e léraléra. Nítorí náà, tí tọkọtaya bá ń sáré pọ̀ pẹ̀lú sípíkà kan, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú ni kí wọ́n fi orin tẹ̀lé. Kò ṣòro fún ẹni gíga láti gé ìṣísẹ̀ rẹ̀ kúrú. Ṣùgbọ́n tí ẹni kúkúrú bá ń na ẹsẹ̀ ju bó ṣe mọ lọ, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò jìyà.

Ẹni tó sanra tún ní tirẹ̀. Nígbà tí a bá ń sáré, ilẹ̀ máa ń ti ẹsẹ̀ padà pẹ̀lú agbára tó tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwọ̀n ara wa, ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ẹni tó bá wọn kílò 100 mọ ohun tí ìyẹn já sí fún orúnkún rẹ̀. Ìrìn kíákíá ni mo máa ń ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú orin ìrìn, títí ara yóò fi gbà. Ara ńlá tún máa ń pẹ́ kó tó lé ooru jáde, pàápàá níbi tí ọ̀rinrin ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ bíi ti Èkó. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni kó jáde, kì í ṣe aago mẹ́sàn-án.

Ẹ ó gbọ́ tí àwọn kan ń pín èèyàn sí mẹ́ta, tẹ́ẹ́rẹ́, oníṣan àti ọlọ́ràá, tí wọ́n á sì sọ irú eré tí oníkálukú gbọ́dọ̀ ṣe. Láti ọ̀dọ̀ William Sheldon ará Amẹ́ríkà ni ìpín náà ti wá ní 1940. Ó tún so ìwà èèyàn mọ́ ìrísí ara, ìyẹn kò sì dúró nígbà tí àwọn mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò fi ṣe nǹkan kan. Gígùn ẹsẹ̀, ìwọ̀n ara àti bí ooru ṣe ń mú yín ti tó.

Kíka orin, ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́

Iṣẹ́ wà níbí. Orin tí ìlù rẹ̀ bá iye ẹsẹ̀ yín dọ́gba ni ẹ ń wá, tàbí èyí tó jẹ́ ìdajì rẹ̀ gan-an. Fún ẹni tó ń gbé 152, orin 152, ìyẹn èyí tó ń lu ìgbà 152 ní ìṣẹ́jú kan, dára, orin 76 náà dára, nítorí ìlù kan á máa bọ́ sórí ẹsẹ̀ kan náà ní gbogbo ìgbà. Orin 110 kò dára fún un, bó ti wù kó dùn tó. Ẹsẹ̀ á máa wá ibi tí yóò bọ́ sí, èémí á sì dàrú tẹ̀lé e. Láti ka orin, ẹ fi ìka lu itan fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ sọ iye náà di ìlọ́po méjì. Ó rọrùn lẹ́nu. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó kà á tì.

Ohun tó ń kọ́kọ́ ṣì wọ́n lọ́nà ni ìlù tí wọ́n ń kà. Nínú orin wa, ìlù kì í ṣe ẹyọ kan. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, ó ń ki èèyàn, ó ń pa òwe. Ó lè sáré, kó tún dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀lé ìyáàlù, ẹsẹ̀ á kọ́ ara wọn. Gúdúgúdú, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tàbí agogo ni kí ẹ gbọ́, àwọn tó ń sọ ohun kan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nínú orin ìgbàlódé, ìlù ńlá tó ń dún gbì nísàlẹ̀ ni. Tí ẹ kò bá dá a mọ̀, ẹ wo ẹni tó ń jó sí i. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń balẹ̀ ni ìlù tí à ń wá, kì í ṣe ibi tí èjìká rẹ̀ ti ń mì.

Ọ̀pọ̀ orin jùjú, àpàlà àti fújì tún máa ń pín ìlù kan sí mẹ́ta kéékèèké nígbà tí ohun èlò mìíràn ń pín in sí méjì. Bí ẹ bá ka àwọn kéékèèké, ẹ ó kọ 240 sílẹ̀. Kò sí ẹsẹ̀ ẹ̀dá tó ń sá bẹ́ẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Iye tó bá kọjá 200, ẹ pín in sí méjì kí ẹ tún gbọ́ orin náà. Bí kò bá bá ijó mu, ẹ pín in sí mẹ́ta.

Èyí tó kù ló ń mú àwọn tó ti gbọ́n nínú méjì yẹn: ìbẹ̀rẹ̀ orin nìkan ni wọ́n ń kà. Àwo fújì tàbí jùjú lè lọ fún ìṣẹ́jú 15 tàbí 20 láìdúró. Ó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́, kí onílù yí i padà lágbedeméjì, kó sì gbóná nígbà tó bá kan kíki àwọn olówó. Ẹsẹ̀ yín á gbóná tẹ̀lé e láìmọ̀. Ẹ ka ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ka àárín, ẹ ka ìparí. Bí ọ̀kan bá fi ju márùn-ún lọ yàtọ̀ sí èkejì, ẹ tọ́jú orin náà fún òde ijó. Mo mọ̀ pé áàpù wà tó ń ka ìlù fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń sọ ìdajì tàbí ìlọ́po méjì. Ìka àti itan ni tèmi.

Ẹ má sì fi orin fipá mú ẹsẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ yára sí i, ẹ fi márùn-ún péré kún un, 152 sí 157, kí ẹ wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní Birmingham ní 1998, Haile Gebrselassie ará Ethiopia sá 2,000 mítà lórí pápá abẹ́ òrùlé ní ìṣẹ́jú 4 àti àáyá 52.86, àkọsílẹ̀ àgbáyé nígbà náà, bí orin kan tó fẹ́ràn ṣe ń dún nínú pápá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ eré yẹn tipẹ́ kí wọ́n tó fi orin náà sí i.

Ẹ gbe orin náà

Ohun kan wà nínú orin tí mo ń bẹ̀rù. Costas Karageorghis ti Brunel University ní London ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí orin àti eré ìdárayá. Ohun tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń fi hàn ni pé tí eré bá wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, orin máa ń mú kó fúyẹ́ lójú ẹni tó ń ṣe é. Tí a bá sáré dé òpin agbára wa, orin kò lè bo èémí àti ìrora ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́. Orin lè tipa bẹ́ẹ̀ fi àárẹ̀ pamọ́ fún yín títí ẹ ó fi jìnnà sílé ju bó ṣe yẹ lọ.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ní ná yín ní kọ́bọ̀: ẹ máa gbe orin náà. Ẹni tó ti dé àgọ́ NYSC mọ bí sójà ṣe ń lé orin, tí gbogbo ìlà ń gbè é bí wọ́n ti ń sáré. Tí ẹ bá lè gbe ègbè náà láìgé e sí méjì, ẹ ń lọ dáadáa. Tó bá ti ń gé lẹ́nu yín, ẹ dín eré kù, kódà bí ìlù bá ní kí ẹ máa bọ̀. Tí ẹ bá lè lé, tí ẹ lè gbè, tí ẹ tún ń bá ẹni ẹ̀gbẹ́ yín sọ̀rọ̀ láàárín, ẹ lè fi díẹ̀ kún un.

Ọjọ́ tí másùnmáwo bá wà lára

Másùnmáwo kì í gbé inú orí nìkan. Ẹni tó ti lo wákàtí mẹ́ta nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, tí owó iléèwé ọmọ ń bọ̀, tí kò sì sùn dáadáa, adrenaline àti cortisol, àwọn èròjà tí ara máa ń tú jáde nígbà wàhálà, ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ti ń lù kíkankíkan, èjìká ti le, èémí ti kúrú, kó tó wọ kánfáàsì rárá. Díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń ran eléré lọ́wọ́. Tó bá pọ̀ jù, a máa da ẹsẹ̀ rú. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni àwọn èèyàn máa ń fi orin tó le jù sétí kí wọ́n lè sá ìbínú dànù. Ọkàn tó ti ń sáré tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún ń lé.

Bí ẹ bá jí, kí ẹ tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ fi ìka méjì kan ọrùn ọwọ́, ẹ ka lílù ọkàn fún ìdajì ìṣẹ́jú, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ lè mọ tiyín. Ti àgbàlagbà tó ń sinmi sábà máa ń wà láàárín 60 sí 100. Láàárọ̀ tó bá fi mẹ́wàá ju tiyín lọ, ìrìn nìkan ni, kí orin sì rẹlẹ̀. Òfin mi nìyẹn, mi ò yí i padà fún ẹnikẹ́ni. Orin tí ẹ ti mọ̀ dáadáa ló yẹ lọ́jọ́ náà, àpàlà tàbí sákárà tó rọra ń lọ, tàbí orin ìjọ.

Fún ẹni tó ń lọ díje, ìbẹ̀rù ìdíje náà jẹ́ másùnmáwo. Michael Phelps, òmùwẹ̀ Amẹ́ríkà, máa ń fi orin sétí títí di ìgbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ́ sómi, kó tó yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe. Òfin World Athletics, àjọ tó ń darí eré sísá lágbàáyé, kò gba ẹ̀rọ orin lọ́wọ́ ẹni tó ń díje lórí pápá, nítorí náà ẹ máa sáré lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láìsí orin.

Bí ẹ bá parí, ẹ má dúró lójijì. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ̀lú orin tó falẹ̀, kí ẹ wá pa orin fún ìṣẹ́jú méjì gbáko. Luciano Bernardi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì tẹ ìwádìí kan jáde ní 2006 tó fi hàn pé orin tó yára ń gbé èémí, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti lílù ọkàn sókè, àti pé ìgbà tí wọ́n dá orin dúró fún ìṣẹ́jú méjì ni ara àwọn tó ń gbọ́ ọ balẹ̀ jù. Àwọn èèyàn máa ń fo ibẹ̀ torí pé orin mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fi orin tó falẹ̀ yẹn ṣe ìkẹyìn nínú àkójọ yín, kí fóònù lè dákẹ́ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án.

Lóṣooṣù, ẹ tún ẹsẹ̀ kà. Bí ara bá ti ń le, tàbí tí ẹ bá ti fọn díẹ̀, iye yín á yí padà, àwọn orin kan á sì bọ́ sínú àkójọ ìrìn.