Kátá ọmọ tí ò lọ bọ̀rọ̀: ṣé àlájì (allergy) ni àbí ó ti wọ sáínọ́ọ̀sì?

Ẹ̀yin òbí Òṣogbo, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ o. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ báyìí, bíi Sẹ̀tẹ́ńbà wọ Nòfẹ́ńbà, tí koríko etí ọ̀nà ti yọ òdòdó, lẹ́búlẹ́bú òdòdó yẹn ni atẹ́gùn ń gbé wọ imú àwọn ọmọ, kí ọyẹ́ tún tó kó eruku tiẹ̀ dé. Ọmọ tó bá ní àlájì, ìyẹn ọmọ tí ara ẹ̀ ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, á máa sín léraléra, imú àti ojú á máa yún un, ikun á máa dà bí omi, á wá máa fi àtẹ́lẹwọ́ ti imú sókè lemọ́lemọ́ títí ìlà tín-ín-rín kan á fi hàn dábùú imú ẹ̀.

Àlájì ò kí ń ràn, kì í sì í fa ibà. Wàhálà ẹ̀ ni pé inú imú á wú, ihò kékeré tí ikun ń gbà jáde látinú sáínọ́ọ̀sì, ìyẹn àwọn àlàfo inú eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àárín ojú, á dí bíi gọ́tà, ikun á dúró síbẹ̀, bakitéríà á wá ráyè pọ̀ nínú ẹ̀.

Ẹ ka ọjọ́. Ikun tó yí sí yẹ́lò tàbí gíríìnì nìkan ò tó ẹ̀rí, ọ̀fìnkìn lásán náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e lọ rí dọ́kítà tí kátá àti ikọ́ bá ti kọjá ọjọ́ 10 tí ò dín kù rárá, tàbí tó ti ń fúyẹ́ tó tún ṣàdédé le padà, tàbí tí ara bá gbóná tó 39°C tí ikun tó ki sì ń jáde fún ọjọ́ 3. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní ẹ́ńtíbaótíìkì tó ṣẹ́kù lọ́jọ́sí, kò wúlò fún àlájì rárá.

Nílé ńkọ́? Ẹ se omi kó hó dáadáa, kó tutù, ẹ po ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ ife kan, ẹ kán an sí imú ọmọ kó fi fun ikun síta, tí ọmọ náà bá kéré jù, ẹ ra omi iyọ̀ oníkíkán ní kẹ́mísì. Ẹ má sá aṣọ àti bẹ́díṣíìtì ẹ̀ sórí koríko mọ́, mo mọ̀ pé ó ti mọ́ wa lára, àmọ́ lẹ́búlẹ́bú yẹn lá lẹ̀ mọ́ ọn tí ọmọ á fi sùn mọ́jú. Tó bá ti pápá bọ̀, kó wẹ̀ kó pààrọ̀ aṣọ. Cetirizine tàbí loratadine máa ń bá àlájì wí, ṣùgbọ́n kí oníkẹ́mísì wo ọjọ́ orí ẹ̀ kó tó wọ̀n ọ́n fún yín. Rọ́ọ̀bù inú ihò imú, rárá o, pàápàá fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún 2.

Tí àyíká ojú bá wú tàbí tó pọ́n, tí orí ń fọ́ ọ gan-an tó ń bì, tí ọrùn gan, tàbí tó ń sùn tí ò fẹ́ jí, ọsibítù lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ òru.

Èyí tó bá sì ń ṣe é lọ́dọọdún lásìkò kan náà, ẹ kọ oṣù tó ń bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi han dọ́kítà ṣáájú, torí oògùn tí wọ́n ń fín símú fún àlájì máa ń gba ọjọ́ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń lò ó.