Ẹrù Kilimanjaro: àwọn àṣìṣe tó ń bẹ̀rẹ̀ láti Èkó

Òkè Kilimanjaro ní Tànsáníà ga ní mítà 5,895, òun ló ga jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Nítorí pé ńṣe ni ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń fẹsẹ̀ rìn gùn ún, láìlo okùn, àwọn ará Èkó tó ń múra àtilọ máa ń rò pé kí ẹrù ṣáà ti pọ̀, ó ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Inú igbó tí òjò ti ń rọ̀ ni ìrìn náà ti ń bẹ̀rẹ̀; lóru ọjọ́ tí wọ́n máa dé góńgó òkè, òtútù lè lọ sí ìwọ̀n 10 tàbí 20 nísàlẹ̀ òdo. Ọyẹ́ tó mú jù l'Ékòó kò sún mọ́ ọn. Ohun tó ń kó bá àwọn èèyàn wa ni ẹrù tó kún dẹ́múdẹ́mú, tí kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tí wọ́n dán wò kí wọ́n tó kúrò nílé.

Aṣọ òwú ló léwu jù. Nínú ooru Èkó, òwú la fẹ́ràn, torí pé ó ń fa òógùn mu. Ohun tó mú ká fẹ́ràn rẹ̀ níbí gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀ lókè ọ̀hún. Ẹ ó làágùn bí ẹ ṣe ń gòkè, aṣọ á rin gbingbin, kò sì ní tètè gbẹ. Bí ẹ bá dúró sinmi pẹ́nrẹ́n, atẹ́gùn á fẹ́ sí omi yẹn, á sì máa fa ooru kúrò lára yín títí ẹ ó fi máa gbọ̀n. Ẹ fi síńgílẹ́ẹ̀tì òwú, jíǹsì àti ìbọ̀sẹ̀ òwú sílẹ̀. Jẹ́sì bọ́ọ̀lù tó wà nílé yín, tó jẹ́ pọliẹ́sítà, sàn jù wọ́n lọ. Aṣọ irun àgùntàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà dáa. Ẹ wọ súwẹ́tà lé e, kí ẹ wá wọ jákẹ́ẹ̀tì tí òjò àti atẹ́gùn kò lè gbà kọjá sórí gbogbo rẹ̀. Kóòtù ńlá kan ṣoṣo tí wọ́n ń wọ̀ ní London kò lè rọ́pò wọn, torí ẹ ò lè bọ́ ìdajì kóòtù bí ara bá gbóná. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín fẹ́ fi àǹkárá ya fọ́tò lókè, ó sì wu èmi náà kí a rí i níbẹ̀: orí jákẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ wọ̀ ọ́ sí, kó má kan ara.

Ọ̀rọ̀ òkìrìkà ńkọ́? Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó lọ sí ọjà Kàtàngówà, tàbí ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ṣà á lè rí jákẹ́ẹ̀tì gidi níbẹ̀. Bàtà ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Fóòmù polyurethane wà nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ bàtà tí wọ́n fi ń gun òkè, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, ì báà jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò wọ bàtà náà rí. Awọ rẹ̀ á ṣì máa dán, okùn rẹ̀ á pé, àmọ́ lójú ọ̀nà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á máa rún bí àkàrà tó ti gbẹ. Ẹ fi èékánná tẹ fóòmù náà, kí ẹ tẹ bàtà kọ. Bó bá ń sán tàbí tó ń rún, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ṣúmékà lè lẹ ìsàlẹ̀ tó ṣí, kò lè sọ fóòmù tó ti jẹrà di ọ̀tun.

Bẹ́ẹ̀ ni kí bàtà tuntun má lọ jẹ́ ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ wọ̀ lórí òkè. Ẹ lọ rà á ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn dán an wò. Kí àyè wà níwájú ọmọ ìka, torí nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ìka ló máa ń gbá iwájú bàtà. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, kí ẹ máa gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Ojóta, kí ẹ sì máa sọ̀ ọ́. Èkó tẹ́jú, ṣùgbọ́n Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta kò jìnnà.

Ní ti jákẹ́ẹ̀tì òjò, ẹ wọ̀ ọ́ dúró sínú òjò oṣù kẹfà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí aṣọ inú bá rẹ, ẹ wá òmíràn.

Lẹ́yìn èyí ni ìwọ̀n. Èèyàn ló máa ru ẹrù yín. Òfin ọgbà òkè náà ni pé aláàárù kò gbọ́dọ̀ ru ju kìlógíráàmù 20 lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń múni gòkè fi ń fi tiyín mọ sí 15. Ẹ má di oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan dání, wọ́n máa ń se oúnjẹ fún yín níbẹ̀. Kúlíkúlí díẹ̀ tàbí ṣíńṣíìn dáa, torí oúnjẹ kì í wu èèyàn jẹ dáadáa lókè. Aláàárù máa ń ṣíwájú yín dé ibùdó, nítorí náà jákẹ́ẹ̀tì òjò, omi àti súwẹ́tà kan gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì tó wà lẹ́yìn ẹ̀yin fúnra yín.

Nǹkan bí aago méjìlá òru ni wọ́n sábà máa ń gbéra lọ sí góńgó. Tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń so mọ́ orí ni kí ẹ mú, torí ọ̀pá ìrìn máa wà lọ́wọ́ yín. Ìbọ̀wọ́ kan kò tó: ẹ wọ tínínrín sínú, èyí tó nípọn sóde. Rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi mu máa ń dì, nítorí náà ẹ lo ike ẹlẹ́nu gbígbòòrò, kí ẹ sì dorí rẹ̀ kodò, torí omi tó wà lápá òkè nínú ike ló ń kọ́kọ́ dì. Òtútù máa ń pa bátìrì fóònù, àpò abẹ́ jákẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fi í sí. Ní ti awò dúdú tí wọ́n ń tà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ má gbé ojú yín lé e. Bí gíga bá fi 1,000 mítà lé sí i, ìtànṣán oòrùn tí wọ́n ń pè ní UV, tó ń ba ojú àti awọ jẹ́, a máa fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, yìnyín funfun sì ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà sójú. Awò tí wọ́n kọ UV400 sí, ìyẹn èyí tó ń dí ìtànṣán náà, ni kí ẹ rà. Awọ dúdú náà máa ń jó, ẹ mú ìpara oòrùn dání.

Ó ku pápákọ̀ òfurufú. Páwà báǹkì kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹrù tí ẹ máa fi ránṣẹ́, ọwọ́ ni kí ẹ mú un. Gáàsì ìdáná kò wọ bàálù rárá. Ẹ má fi ọ̀rá di bàtà àti aṣọ bí a ṣe máa ń ṣe nílé: láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2019 ni Tànsáníà ti fòfin de báàgì ọ̀rá. Àpò aṣọ ni kí ẹ lò. Kí yẹ́lò káàdì yín, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, wà lọ́wọ́, torí wọ́n máa ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá. Ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló sì tó di ohun tí wọ́n ń gbà, nítorí náà ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa wọkọ̀.