Kí Ẹ Tó Dìde Bá Àwùjọ Sọ̀rọ̀: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Ní ìwọ̀ oòrùn Kogí níbí, kò sí oṣù tí wọn kì í pe ènìyàn wá bá àwùjọ sọ̀rọ̀: lónìí ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ní Kàbà, lọ́la ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Ìsánlú, lọ́tùn-únla akẹ́kọ̀ọ́ kan tí yóò dúró níwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀ láti ṣàlàyé iṣẹ́ ìwádìí tí ó ṣe. Bí ìwé ìpè bá ti dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, kọ̀ǹpútà ni a ó kọ́kọ́ ṣí, tí a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to síláìdì, ojú ewé tí ẹ̀rọ ń tàn sára ògiri, léra wọn. Àṣìṣe tí ó bí àwọn yòókù nìyẹn. Ẹ̀rọ ni a ń múra fún, a kò múra fún etí tí yóò gbọ́ wa.

Èmi pàápàá kò mọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ní kí n wá bá àwọn àgbẹ̀ oníkajú sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń tọ́jú kóró kajú kí àwọn tí ń rà á má baà gé owó rẹ̀. Mo ṣe síláìdì 34. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Bùràsíìlì níbi tí igi náà ti ṣẹ̀ wá, mo gba ọ̀dọ̀ àwọn ará Potogí tí wọ́n gbé e rìn káàkiri ayé kọjá, mo fi àtẹ iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun hàn, nígbà tí mo sì fi máa dé orí ọ̀rọ̀ gan-an, ìṣẹ́jú 40 ti lọ. Ìyá àgbà kan na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó kí mi dáadáa, ó wá bi mí pé, “Ọmọ mi, ṣé kí á sá a kí á tó dì í ni, àbí kí á máa dì í bẹ́ẹ̀?” Ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀ wà ní síláìdì 27: kí wọ́n sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí wọ́n máa yí i, kí wọ́n sì dì í sínú àpò tí atẹ́gùn lè gbà kọjá, irú àpò tí a fi ń di kòkó, kì í ṣe sínú àpò ọ̀rá. Gbólóhùn kan ni ìyá náà wá gbà, mo sì ti fi ìṣẹ́jú 40 sin ín mọ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ ìdáhùn ìbéèrè kan sórí ìwé kí n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà: kí ni mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá gbọ́ mi ṣe nígbà tí ó bá dé ilé? Bí n kò bá rí gbólóhùn kan ṣoṣo kọ síbẹ̀, a jẹ́ pé n kò tíì ní ohun tí mo fẹ́ sọ, síláìdì kò sì lè bá mi wá a rí. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń pe ẹni tí ó fìwé pè mí, kí n bi í léèrè irú ènìyàn tí yóò wà níbẹ̀, iye wọn, ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ àti ohun tí ó ń dùn wọ́n. Ìpè orí fóònù ìṣẹ́jú 5 yìí ni ọ̀pọ̀ olùsọ̀rọ̀ ń fò dá, tí wọ́n á fi lọ máa ṣàlàyé bí a ṣe ń kọ ebè iṣu fún ẹni tí ó ti ń kọ ọ́ láti kékeré.

Orí síláìdì fúnra rẹ̀ ni mo ti fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti kan ẹ̀mí ènìyàn rí. Ní ọjọ́ 16 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2003, Amẹ́ríkà fi Columbia, ọkọ̀ tí ń gbé ènìyàn lọ sí òfurufú lókè ayé, ránṣẹ́ sókè. Bí ó ti ń gbéra, ègé fóòmù kan já lára táǹkì epo rẹ̀, ó sì gbá ìyẹ́ rẹ̀ ti òsì. Nígbà tí àwọn arìnrìn-àjò inú rẹ̀ ṣì wà lókè lọ́hùn-ún, àwọn ẹnjiníà gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ fún àwọn ọ̀gá NASA, àjọ tí ń bójú tó ìrìn-àjò òfurufú ní Amẹ́ríkà, lórí síláìdì. Àkọlé ọ̀kan nínú àwọn síláìdì náà fi ọkàn ẹni balẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń gun orí ọ̀rọ̀, tí lẹ́tà sì ń kéré sí i bí a ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n wá kọ ọ́ sí pé, bí a bá fi ínṣì kúbíìkì wọn títóbi wọn, ègé tí wọ́n ti fi ṣe àyẹ̀wò tẹ́lẹ̀ jẹ́ 3, èyí tí ó já lára ọkọ̀ sì tó 1,920. Ìyẹn ni pé ó tóbi ju ohun tí wọ́n dán wò lọ ní ìlọ́po 640. Ní ọjọ́ 1 oṣù Èrèlé, ọkọ̀ náà túká sófurufú nígbà tí ó ń bọ̀ wálé, gbogbo ènìyàn 7 tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Ìgbìmọ̀ tí ó wádìí ìjàǹbá náà mẹ́nu ba síláìdì yìí nínú ìròyìn wọn, wọ́n ní kò ṣòro láti mọ ìdí tí ọ̀gá kan fi lè kà á kí ó má mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni wọ́n gbé ka iwájú òun.

A kì í rán ọkọ̀ lọ sí òfurufú láti Kàbà, ṣùgbọ́n mo ti rí akápò ẹgbẹ́ tí ó tẹ́ ìṣirò odidi ọdún kan sórí síláìdì kan ṣoṣo, tí gbèsè ẹgbẹ́ sì wà ní ìlà tí ó kẹ́yìn, ní lẹ́tà tí ẹni tí ó jókòó ní ìlà kẹta kò lè kà. Bí gbèsè bá ni ọ̀rọ̀, àkọlé ni kí gbèsè wà. Ẹ wo akéde ìlú láyé àtijọ́: yóò lu agogo, yóò sọ ohun kan, ọjọ́ rẹ̀ àti ibi tí yóò ti wáyé, yóò sì kọjá sí àdúgbò mìíràn, kò sí ẹni tí ó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni ó wí. Ọ̀rọ̀ kan lórí síláìdì kan, ní lẹ́tà tí kò kéré ju ìwọ̀n 30 lórí kọ̀ǹpútà lọ, ni tèmi. Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ dúró lẹ́yìn gbọ̀ngàn kí ẹ fi ojú ara yín kà á.

Àbúrò àṣìṣe yìí ni pé kí olùsọ̀rọ̀ kọ ẹ̀yìn sí àwùjọ kí ó máa ka ohun tí gbogbo ènìyàn ń rí. Ojú a máa yára ju ẹnu lọ; wọn yóò ti kà á tán kí ẹ tó dé ìdajì, ohun tí ó kù fún wọn ni kí wọ́n máa yẹ fóònù wọn wò. Ẹ fi àwòrán sí ara ògiri, kí ẹnu yín sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àṣìṣe kan wà tí àwọn tí ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ sísọ fúnra wọn ń tàn kálẹ̀. Wọ́n á ní ìdá 7 péré nínú 100 ni ọ̀rọ̀ kó nínú ohun tí àwùjọ ń gbà, pé ohùn kó 38, ìrísí ara sì kó 55. Ẹni tí ó bá gba èyí gbọ́ á lọ dá agbádá tuntun dípò kí ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Inú àyẹ̀wò tí Albert Mehrabian, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ènìyàn, ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1967 ni iye wọ̀nyí ti jáde, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń wá ni bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ẹnìkan fẹ́ràn wa tàbí kò fẹ́ràn wa nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ohùn rẹ̀ àti ojú rẹ̀ kò bá bára mu. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé bí kò bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni síni ni à ń sọ, iye náà kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ó bá rí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni, a kì bá máa wá ògbufọ̀ bí a bá dé ọjà Òkénè. Wíwo ojú àwọn Ẹ̀bìrà nìkan ì bá ti tó wa.

Ní ti èdè, àṣìṣe méjì tí ó kọ ẹ̀yìn síra wọn ni mo máa ń rí. Àwọn kan ń da Gẹ̀ẹ́sì lu àwọn àgbà nítorí pé òun ni wọ́n fi kẹ́kọ̀ọ́. Àwọn mìíràn, tí wọ́n sì sábà máa ń jẹ́ àlejò, á gbọ́ pé Òwé, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, ìyẹn àwọn ẹ̀yà Òkun, ní bí kálukú wọn ṣe ń fọ̀, wọ́n á wá máa sín wọn jẹ láti fi pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kì í pẹ́ kí ó tó di ẹ̀gàn. Yorùbá tí ó já gaara yé gbogbo wa. Iye ni ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún jù: bí ẹ bá sọ fún àgbẹ̀ pé kí omi inú kóró kajú má ju ìdá 10 nínú 100 lọ, kò ní ẹ̀rọ tí yóò fi wọ̀n ọ́n, nítorí náà ẹ kò tíì sọ nǹkan kan fún un, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí ó máa sá a títí tí yóò fi máa ró gbagba bí ó bá ń dà á sílẹ̀, ọ̀rọ̀ dé ilé.

Ìkíni gba ọgbọ́n. Ẹni tí ó bá dìde ní ilẹ̀ Òkun tí kò kí ọba àti àwọn olóyè ti dí etí àwùjọ kí ó tó la ẹnu; ẹni tí ó sì fi ìṣẹ́jú 15 kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ti jẹ àkókò ara rẹ̀ tán. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iyè inú. Ẹ gba orúkọ oyè wọn lọ́wọ́ olùdarí ètò ṣáájú, kí ẹ kọ wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, nítorí pé bí Ọbaro, ọba Kàbà, bá wà ní ìjókòó níbẹ̀ tí ẹ fi ẹlòmíràn ṣáájú rẹ̀, kò sí àlàyé tí ẹ lè ṣe lẹ́yìn náà tí yóò wọ etí. Lẹ́yìn wọn, “Òkun o” kan, ìkíni wa, tó fún gbogbo ilé. Ẹ má sì fi kún un pé ẹ kò ráyè múra dáadáa. Ẹni tí ó fi oko sílẹ̀ láti wá gbọ́ yín kò nílò kí ó mọ ìyẹn.

Àkókò ni ó ń tú àṣírí olùsọ̀rọ̀. Ètò aago mẹ́wàá á bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá, wọ́n á wá rọra sọ sí yín létí pé ìṣẹ́jú 30 yín ti di 10. Ohun tí púpọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á máa sáré ka gbogbo síláìdì, tí kò fi ní sí èyí tí ó yé ẹnikẹ́ni. Láti ilé ni kí ẹ ti fi àmì sí ohun tí ẹ lè fò. Ìpàdé àsọyé TED tí gbogbo ayé ń wò kì í fún olùsọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú 18 lọ, bí ó ti wù kí ó mọ̀wé tó.

Ìbéèrè ni àwọn olùsọ̀rọ̀ ń bẹ̀rù jù, ìbẹ̀rù yìí ni ó sì ń mú wọn dáhùn ohun tí wọn kò mọ̀. Ẹ sọ pé ẹ óò wádìí rẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà onítọ̀hún, kí ẹ sì pè é ní tòótọ́. Nígbà tí àwọn oníkajú tún pè mí ní ọdún kejì, ìbéèrè ìyá àgbà yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Síláìdì 6 ni mo ṣe, ṣùgbọ́n iná kò sí, jẹnẹrétọ̀ wọn sì kọ̀ kò ṣiṣẹ́. Abọ́ kajú méjì tí mo gbé dání láti ilé, ọ̀kan gbígbẹ, ọ̀kan tí ó ti bu, ni mo ní kí wọ́n máa gbà kiri láti ọwọ́ dé ọwọ́, mo sì ti parí ọ̀rọ̀ kí abọ́ náà tó dé ìlà tí ó kẹ́yìn.