Cornwallite: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nípa òkúta aláwọ̀ ewé tí ásẹ́níìkì wà nínú rẹ̀

Bí ẹnìkan bá gbé òkúta tó ní àwọ̀ ewé lé yín lọ́wọ́, ẹ má tètè pè é ní malakáìtì. Àṣìṣe yìí ló ń bí púpọ̀ nínú àwọn yòókù. Ó lè jẹ́ cornwallite. Bàbà ló fún àwọn méjèèjì ní àwọ̀ ewé wọn, bí ó ti ń hàn lára òrùka bàbà tó bá dípẹtà. Ṣùgbọ́n kò sí ásẹ́níìkì nínú malakáìtì. Ó wà nínú cornwallite, májèlé sì ni.

Zippe, onímọ̀ nípa òkúta, ló sọ cornwallite lórúkọ ní 1846. Ó fi rántí Cornwall, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti rí i nínú kùsà Wheal Gorland ní St Day.

Àwọn mìíràn rò pé ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni òkúta tó ṣọ̀wọ́n máa ń wà, wọ́n á sì máa gbẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n máa bá níbẹ̀ ni àwọn òkúta tí bàbà, ásẹ́níìkì àti imí-ọjọ́ ti so pọ̀, bíi tennantite àti enargite. Àwọn wọ̀nyí ni ìyá cornwallite. Bí òjò bá ń rọ̀, omi á gba ojú sísán àpáta wọlé pẹ̀lú ọ́síjìn, á sì máa tú wọn ká díẹ̀díẹ̀: imí-ọjọ́ á di ásíìdì, bàbà á yòrò sínú omi, ásẹ́níìkì á so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn, á di ásẹ́nétì. Omi kíkan yìí á máa ṣàn títí yóò fi dé ibi tí kíkan rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ibẹ̀ ni bàbà àti ásẹ́nétì ti máa ń dì pọ̀, tí wọ́n á lẹ̀ mọ́ ara àpáta bí èèpá tínrín tàbí bí ìlẹ̀kẹ̀ wẹẹrẹ. Apá òkè, níbi tí afẹ́fẹ́ àti omi ń dé, ni kí ẹ wò. Bí ó bá sì jẹ́ fọ́sífétì ló wà nínú omi náà dípò ásẹ́nétì, òkúta mìíràn tó ń jẹ́ pseudomalachite ló máa dì, ojú lásán kò sì lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára cornwallite.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iná jó o. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń sun òkúta lórí èédú. Bí ó bá rùn bí áyù, wọ́n mọ̀ pé ásẹ́níìkì wà níbẹ̀. Àyẹ̀wò náà máa ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èéfín májèlé náà gan-an ni wọ́n ń fà símú. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ha ásẹ́níìkì funfun kúrò lára ọ̀nà èéfín ní Cornwall máa ń fi amọ̀ pa ara, wọ́n á fi nǹkan dí imú, síbẹ̀ egbò kò fi wọ́n sílẹ̀.

Ásíìdì ńkọ́? Malakáìtì máa ń hó tí ásíìdì bá kàn án. Cornwallite á kàn yòrò wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ má ṣe é nílé. Omi tó bá ṣẹ́kù ti di omi ásẹ́níìkì, ibo lẹ fẹ́ dà á sí?

Ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku rẹ̀, ẹ má sì fi í sínú omi mímu nítorí pé ẹnìkan ní òkúta máa ń wonisàn. Kí ẹ kàn fọwọ́ kàn án kò léwu, bí ẹ bá fọwọ́ lẹ́yìn náà. Inú àpótí tó ní ìdérí ni kó wà, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó.

Àwọn tó ń kó òkúta jọ ni mo fẹ́ bá sọ èyí tó kù. Òkúta mìíràn tó ń jẹ́ cornubite ní èròjà kan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú cornwallite, Cu5(AsO4)2(OH)4; bí àwọn èròjà náà ṣe tò nínú òkúta kọ̀ọ̀kan nìkan ló yàtọ̀. Ẹ̀rọ tó ń sọ èròjà tó wà nínú òkúta á sọ ohun kan náà nípa àwọn méjèèjì. Àyẹ̀wò X-ray tó ń fi bí wọ́n ṣe tò hàn ló lè yà wọ́n. Kí ẹ tó ṣe é, orúkọ méjèèjì ni kí ẹ kọ sára àpótí, kí ẹ sì tọ́jú ìwé àtijọ́ tó bá òkúta náà wá. Wọ́n ti ti kùsà Wheal Gorland pa tipẹ́. Bí ìwé yẹn bá sọnù, òkúta náà kò lè sọ ibi tó ti wá fún yín.